Àléébù àti Ìlépa: Ìwúlò Géèmù Orí Kọ̀ǹpútà tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Pé

1. Ìfáárà

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí eré orí ẹ̀rọ, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí géèmù, ti wọ àwùjọ. Ní ọdún 1972 tí ilé-iṣẹ́ Atari gbé Pong jáde ní Amẹ́ríkà, ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ kò ju igi méjì àti àmì funfun kékeré kan tí wọ́n ń gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ. Láti ìgbà náà wá, géèmù ti di ohun tí a fi ń sọ ìtàn, tí a fi ń tẹ ìlú dó, tí a sì fi ń bi ènìyàn ní ìbéèrè nípa ìwà rẹ̀. Bí ohun tí géèmù ń lépa ti ń ga sí i ni ọ̀nà tí ó lè gbà kùnà náà ń pọ̀ sí i. Ìlérí Pong kéré, ó sì rọrùn fún un láti mú un ṣẹ. Géèmù tí ó bá ṣèlérí odidi erékùṣù kan, níbi tí igi, òkúta àti ẹranko yóò ti máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nílé ayé, ti gbé ẹrù tí ó lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: nígbà tí ìlépa géèmù kan bá ga, ṣùgbọ́n tí àléébù rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn, ǹjẹ́ ó ṣì yẹ kí ènìyàn gbá a? Ìbéèrè yìí wúwo ju bí ó ti dà létí lọ. Òǹkàwé tí orí kan nínú ìwé ìtàn-àròsọ bá sú lè ṣí i kọjá. Òǹwòran tí ìran kan nínú fíìmù kò bá wù lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agbágéèmù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ibi tí géèmù ti burú lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ wà; bí ènìyàn kò bá gba ibẹ̀ kọjá, kò ní í rí ohun tí ó wà níwájú. Ọ̀pọ̀ géèmù onítàn ń gba ogún wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ni a sì fi ń rà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ẹlòmíràn níyànjú pé kí ó lọ gbá géèmù alábùkù ti bẹ̀ ẹ́ ní ohun ńlá. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé kìkì iṣẹ́ tí ó dán ni àwùjọ ń tẹ́wọ́ gbà, kò ní í pẹ́ tí àwọn olùṣe géèmù yóò fi dúró sórí ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìdáhùn kò sí nínú iye àléébù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú bí ìlépa ti ga tó. Ó wà nínú ibi tí a ti lè rí ìlépa náà: ṣé ó ti dé ọwọ́ agbágéèmù, tàbí ẹnu olùṣe géèmù nìkan ni ó wà? Géèmù mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò fínnífínní, àwọn náà ni Trespasser (1998), Vampire: The Masquerade – Bloodlines (2004) àti Pathologic (2005). Lẹ́yìn náà ni a ó mẹ́nu ba méjì mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ mọ́ ìlérí tí a kò tètè mú ṣẹ.

2. Àlàyé lórí Ìlépa àti Àléébù

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ìlépa sọ́tọ̀ kúrò lára títóbi. Géèmù lè ní ilẹ̀ tí ó tẹ́ lọ salalu, síbẹ̀ kí gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe níbẹ̀ jẹ́ ohun tí ogún géèmù mìíràn ti ṣe ṣáájú. Ohun tí iṣẹ́ yìí pè ní ìlépa ni ìgbìyànjú láti jẹ́ kí agbágéèmù ṣe ohun kan, tàbí kí ó ní ìrírí kan, tí àwọn géèmù ìgbà náà kò tíì fún un láàyè láti ní. Ayò ọlọ́pọ́n kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ìran dé ìran ti fi ọwọ́ pa òfin rẹ̀ dán. Géèmù tí ó ń lépa ohun titun kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àléébù sí:

(a) Àléébù àbínibí. Èyí ni àléébù tí ó ti ara ìlépa náà wá. Bí a bá fa á tu, ìlépa yóò bá a lọ.

(b) Àléébù ìkánjú. Àìtó àkókò, àìtó owó tàbí àìtó òṣìṣẹ́ ni ó ń fà á. Bí a bá mú un kúrò, iṣẹ́ náà yóò sunwọ̀n sí i, kò sì ní í pàdánù ohunkóhun. Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ ni E.T., tí Atari gbé jáde ní ọdún 1982. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni ẹni kan fi ṣe é, ó sì hàn lára iṣẹ́ náà.

(d) Àléébù ìlérí. Èyí ń wáyé nígbà tí ohun tí a kéde rẹ̀ fún àwọn tí yóò ra géèmù kò bá sí nínú rẹ̀.

Bí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìdájọ́ yóò wọ́. Lámèyítọ́ yóò máa bá ìkánjú wí nítorí ohun tí ó jẹ́ ti ìlépa, tàbí kí ó máa fi ìlépa bo ìkánjú mọ́lẹ̀.

3. Àyẹ̀wò Géèmù Mẹ́ta

3.1 Trespasser

Ilé-iṣẹ́ DreamWorks Interactive ni ó ṣe Trespasser, èyí tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998. Inú ayé fíìmù Jurassic Park ni ìtàn rẹ̀ ti jáde: obìnrin kan tí ń jẹ́ Anne yè nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó já, ó sì bá ara rẹ̀ ní erékùṣù tí àwọn dáínósọ̀ ń gbé. Ohun mẹ́ta ni àwọn olùṣe rẹ̀ lépa. Èkíní ni pé kí ohun gbogbo ní ìwọ̀n, kí pákó wó, kí àpótí yí, kí òkúta sì fò gẹ́gẹ́ bí òfin físíìsì ti là á sílẹ̀. Èkejì ni pé kí agbágéèmù fi ọwọ́ Anne mú nǹkan bí ènìyàn ti í mú un. Máòsì ni yóò fi na apá, òun náà ni yóò fi yí ọrùn ọwọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí nọ́ńbà kankan má hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ara Anne ti le tó yóò jẹ́ kí ó wo àyà ara rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fín àwòrán ọkàn sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye ọta tí ó kù nínú ìbọn yóò gbọ́ ọ lẹ́nu Anne fúnra rẹ̀.

Ìlépa yìí ju agbára ìgbà náà lọ. Apá Anne ń fì bí apá ẹni tí ẹmu ń pa. Àwọn àpótí tí ó yẹ kí a tò léra ń yọ̀, wọ́n sì ń há sínú ara wọn. Físíìsì ni ó ń gbé ẹsẹ̀ àwọn dáínósọ̀, nítorí náà tàgétàgé ni wọ́n ń rìn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọdún náà kò sì lè gbé géèmù yìí dáadáa. Àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè irú àléébù tí ó wà níbẹ̀. Àpótí tí ń há sínú àpótí jẹ́ àléébù ìkánjú. Ọ̀rọ̀ apá yàtọ̀. Bí a bá gé apá náà kúrò, tí a fi bọ́tìnì kan rọ́pò rẹ̀, Trespasser yóò di eré ìbọn yíyìn bí àwọn yòókù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 2004, Half-Life 2 ti ilé-iṣẹ́ Valve mú ayé tí ohun gbogbo ní ìwọ̀n wá, ó sì dán. Ṣùgbọ́n Valve kò fún agbágéèmù ní ọwọ́. Ìbọn kan tí ń fa nǹkan mọ́ra tí ó sì ń tì í dànù ni wọ́n fún un. Ọdún 2020 ni ọwọ́ tó padà wá nínú Half-Life: Alyx ti ilé-iṣẹ́ kan náà, níbi tí agbágéèmù ti ń gbé awò ńlá wọ̀ sójú, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì darí ọwọ́ inú géèmù. Ọdún méjìlélógún ni ó wà láàárín Trespasser àti rẹ̀. Ó hàn gbangba pé máòsì ni irin-iṣẹ́ tí kò tó, kì í ṣe èrò náà.

Ǹjẹ́ Trespasser yẹ ní gbígbá? Ó yẹ fún wákàtí kan tàbí méjì. Láàárín àkókò náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣètò sílẹ̀ lè ṣẹlẹ̀: pákó lè ṣubú lu ẹranko tí ó ń bọ̀, tàbí kí òkúta tí a fi ìbẹ̀rù jù gba ẹ̀mí là. Ìlépa ti dé ọwọ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dúró pẹ́. Kò pọn dandan kí ènìyàn gbá a parí.

3.2 Bloodlines

Ọjọ́ kan náà tí Half-Life 2 jáde, èyí tí í ṣe ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2004, ni Bloodlines náà jáde. Troika Games ti ìpínlẹ̀ California ni ó ṣe é, Activision ni ó gbé e sọ́jà, orí ètò kọ̀ǹpútà Valve tí ń jẹ́ Source ni wọ́n sì gbé e lé. Ibùdó ìtàn rẹ̀ ni Los Angeles òde òní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ agbágéèmù di ẹ̀dá tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí kò sì gbọdọ̀ rí oòrùn ni.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, agbágéèmù yóò yan ọ̀kan nínú ìdílé méje. Níhìn-ín ni ìlépa iṣẹ́ náà wà, nítorí pé ìdílé tí ènìyàn bá yàn ni yóò sọ bí ayé yóò ti gbà á. Ẹni tí ó bá yan Nosferatu burẹ́wà dé ibi pé ará ìlú kò gbọdọ̀ rí i. Abẹ́ ilẹ̀, lójú gọ́tà, ni yóò máa gbà lọ síbi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá yan Malkavian ti ya wèrè. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n tún kọ ní èdè àdììtú, èyí tí ó máa ń tú àṣírí ohun tí ń bọ̀ láìjẹ́ kí agbágéèmù tètè fura. Ẹni tí ó bá gbá Bloodlines lẹ́ẹ̀mejì yóò gbọ́ ìtàn méjì lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn kan náà. Ilé ìtura kan tún wà ní Santa Monica tí àwọn òkú kò jẹ́ kó sinmi. Kò sí ọ̀tá kankan láti bá jà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù nìkan ni, síbẹ̀ ó wà lára ohun tí àwọn agbágéèmù máa ń rántí jù.

Àléébù rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè dá ènìyàn dúró débi pé kò ní í lè tẹ̀ síwájú mọ́. Troika ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọdún 2005, kò sì sí olùṣe tí yóò tún un ṣe. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ ni wọ́n fi ń yọ àṣìṣe, tí wọ́n sì ń dá àwọn ohun tí wọ́n ti gé kúrò padà sí àyè wọn. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àtúnṣe náà kò dé. Bí ìtàn ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ sísọ ń dín kù, ìjà sì ń gba gbogbo rẹ̀. Agbágéèmù tí ó ti fi wákàtí púpọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọlọ́gbọ́n ẹnu yóò wá rí i pé ẹnu kò wúlò mọ́. Àléébù yìí burú ju àṣìṣe ètò kọ̀ǹpútà lọ, nítorí pé ó da ìlérí tí géèmù fúnra rẹ̀ ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, apá tí ó pọ̀ jù nínú Bloodlines wà lọ́wọ́ agbágéèmù ní kíkún kí ó tó dé ibẹ̀, ó sì yẹ ní gbígbá nítorí apá náà.

3.3 Pathologic

Ilé-iṣẹ́ Ice-Pick Lodge ti ìlú Moscow ni ó ṣe Pathologic ní ọdún 2005. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan lórí pápá gbalasa. Oníwòsàn mẹ́ta wà níbẹ̀, agbágéèmù yóò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn fún ọjọ́ méjìlá. Aago kì í dúró dè é. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ pàtàkì ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà lábẹ́ ààbò rẹ̀ yóò kó àrùn náà. Ebi ń pa á, oorun ń kùn ún, àrùn sì ń lé e. Ní ọjọ́ kejì ni owó oúnjẹ fò sókè lójijì, owó tí ó rò pé ó tó kò sì ra nǹkan mọ́. Kò ní í pẹ́ tí oníwòsàn tí ó wá gba ìlú là yóò fi máa túlé kiri, tí yóò máa wá ohun tí yóò fi ra búrẹ́dì.

Ẹni tí ó bá gbá a yóò ráhùn pé ìrìn rẹ̀ lọ́ra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrìn tí ó lọ́ra náà ni ó sọ àkókò di ohun iyebíye: láti ìpẹ̀kun ìlú kan dé èkejì, ènìyàn yóò ti rò ó lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹni tí ó ń lọ wò tó wákàtí tí yóò gbà. Bí a bá fún un ní ẹṣin, àjàkálẹ̀ àrùn náà yóò di ìran lásán. Àléébù àbínibí nìyí.

Ewu kan wà níhìn-ín o. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni gbogbo àléébù, kí ó sì fi bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ tí kò dára là. Ọ̀nà láti mọ òótọ́ ni kí a wò ó bóyá àléébù náà bá ohun yòókù nínú géèmù mu. Ìrìn tí ó lọ́ra bá aago, ebi àti ọ̀wọ́n oúnjẹ mu. Ìjà tí ó wúruwùru kò bá nǹkan kan mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ jáde, tí àwọn gbólóhùn rẹ̀ rú lójú. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà gbé e jáde padà pẹ̀lú ìtumọ̀ titun, géèmù náà sì dára sí i. Ní ọdún 2019 tí wọ́n tún ìtàn oníwòsàn kan sọ nínú Pathologic 2, ojú ẹ̀rọ ti dán ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ebi àti aago ṣì wà níbẹ̀. Àwọn olùṣe rẹ̀ mọ àléébù tí ó yẹ kí wọ́n mú kúrò àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀.

4. Ìlérí àti Àtúnṣe

Àwọn géèmù tí a ti yẹ̀ wò fi ohun tí wọ́n ń lépa sí ọwọ́ agbágéèmù, ó pẹ́ ni tàbí ó yá. Ọ̀rọ̀ No Man's Sky, tí Hello Games ti Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, gba ọ̀nà mìíràn. Iye ayé tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù méjìdínlógún, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde, wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé agbágéèmù kan lè pàdé èkejì. Nígbà tí àwọn méjì dé ojú kan náà láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó jáde, wọn kò rí ara wọn. Àjọ tí ń mójú tó ìpolówó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ẹ̀sùn tí àwọn olùrajà fi kan ìpolówó rẹ̀ wò, ó sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Oṣù keje ọdún 2018 ni ìpàdé àwọn agbágéèmù tó wá di òótọ́ ní kíkún.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Cyberpunk 2077 ti CD Projekt Red ní Warsaw. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 tí ó jáde gan-an ni Sony yọ ọ́ kúrò nínú ilé ìtajà PlayStation, nítorí bí ó ti burú tó lórí ẹ̀rọ PlayStation 4. Kò sì padà síbẹ̀ títí di oṣù kẹfà ọdún 2021. Àtúnṣe ńlá ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń yìn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín ni pé ẹni tí ó ra géèmù ní ọjọ́ kìíní àti ẹni tí ó rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ra ohun kan náà. Ẹni tí ó bá ń yin géèmù náà lónìí kò gbọdọ̀ fi ìyìn náà pa ẹjọ́ ẹni ìṣáájú rẹ́. Ìlépa ni ó fi owó rà, ọdún mélòó kan ni ó sì fi dúró kí ìlépa náà tó dé ọwọ́ rẹ̀.

5. Àtakò Méjì

Àtakò kìíní ni pé ayé kò ní àkókò fún iṣẹ́ tí kò pé nígbà tí èyí tí ó pé pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, pàápàá ní Nàìjíríà, níbi tí iná mànàmáná kì í dúró déédéé, tí ó sì jẹ́ pé owó ni a fi ń ra dátà tí a fi ń gba àtúnṣe sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ènìyàn mọ ìwọ̀n. Wákàtí méjì pẹ̀lú Trespasser kò pọ̀ ju gígùn fíìmù kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Pathologic lè gbá ọjọ́ mẹ́ta nínú méjìlá, kí ó sì ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àṣà pé kí a gbá géèmù dé òpin kí a tó sọ pé a mọ̀ ọ́n ni ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ alábùkù dà bí ìyà.

Àtakò kejì ni pé fífi ojú fo àléébù ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ láti máa ta ohun tí kò jinná. Òótọ́ ni èyí, bí ó bá jẹ́ pé ojú ni a fi fò ó. Ṣùgbọ́n gbígbá géèmù àti gbígbè sẹ́yìn àléébù rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Lámèyítọ́ lè gba ènìyàn níyànjú pé kí ó gbá Bloodlines, kí ó sì tún sọ láìfi bò pé ìparí rẹ̀ kò dára. Ìyànjú tí ó bá fi àléébù pamọ́ ni ó ń ṣe ìpalára.

6. Ìkádìí

Láti inú àyẹ̀wò yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni a lè fi wọn géèmù alábùkù. Èkíní, ǹjẹ́ ohun tí ó ń lépa wà ní ibòmíràn tí ó dán jù ú lọ? Bí ó bá wà, kí ènìyàn lọ síbẹ̀. Èkejì, ǹjẹ́ ìlépa náà ti dé ọwọ́ agbágéèmù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀? Bí ẹnu olùṣe nìkan ni ó ṣì wà, kí ènìyàn dúró. Ẹ̀kẹta, níbo ni ìlépa náà parí sí? Ibẹ̀ ni ènìyàn lè ti fi géèmù náà sílẹ̀ láìka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó sá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá àwọn olùṣe Trespasser, Bloodlines àti Pathologic wí, nítorí pé wọ́n la àpáta, ẹnu àáké wọn sì kán. Ṣùgbọ́n agbágéèmù kì í ṣe ẹni tí ó mú àáké dání. Ẹni tí a pè wá jẹun ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè bóyá oyin wà níbẹ̀ kí ó tó jókòó. Nínú géèmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, oyin wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eérú àpáta pọ̀ nínú rẹ̀.